Ọjọ́ Kẹsàn-án Òní

Lára èèpo ìwé náà ni wọ́n kọ ọ́ sí, lábẹ́ àwòrán ọkọ mi: "Àwọn Àlọ́ Ìṣirò tí Tíṣà Hezekiah Ṣe Kí Àìsàn Tó Dé."

Mo kà á. Mo bọ́ jígí ojú mi, mo fi etí ìró mi nù ún, mo tún kà á. Àìsàn ṣì wà níbẹ̀.

"Ọlọ́runṣọlá," mo ní, "kí ni àìsàn ń wá lára ìwé ọkọ mi?"

Ó ti mọ̀ pé n óò béèrè. Ó ti fa àga rẹ̀ súnmọ́ tèmi kí ó tó fi èèpo náà hàn mí, bí dókítà ti í ṣe nígbà tí ọ̀rọ̀ kò bá dára. Akẹ́kọ̀ọ́ ọkọ mi ni, ọmọ Ìyámoyè tí wọ́n tọ́ ní Kàdúná. Nígbà tí wọ́n mú un wá sí Kàbà láti wá ka sẹ́kọ́ńdìrì, "okun" tí a fi ń kí ara wa nìkan ló gbọ́ nínú èdè wa. Ọkọ mi kọ́ ọ ní ìṣirò títí òun náà fi di ẹni tó ń kọ́ni ní yunifásítì. Òun ni akọ̀wé Ẹgbẹ́ Àròjinlẹ̀, àwọn tó máa ń pàdé ní fàráńdà wa ní ọ̀sán Sátidé láti pa àlọ́ ìṣirò fún ara wọn, tí wọ́n á máa jiyàn títí ẹ̀fọn yóò fi lé wọn lọ sílé. Ọdún kan ti fẹ́ pé tí Tíṣà ti lọ. Níbi ìsìn ìrántí rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ pín ìwé pẹlẹbẹ náà.

"Màmá, ẹ má bínú," ó ní. "Àwọn àlọ́ tí wọ́n ṣe lẹ́yìn tí wọ́n ṣubú la yọ kúrò. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe rí. Ọpọlọ ti rẹ̀."

"Ọpọlọ ta ni?"

Ó ń fi èékánná họ etí tábìlì.

Mo mọ bó ṣe rí. Èmi ni mo wà níbẹ̀. Oko ni Tíṣà wà nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá a wólẹ̀ sáàárín ebè, a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Ẹ̀gbẹ̀. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ dáadáa níbẹ̀. Nígbà tí ẹnu rẹ̀ là, ohùn rẹ̀ wúwo, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ń jáde. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà mọ́. Ẹni tó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọmọ ènìyàn fún ogójì ọdún kò lè kí ni káàárọ̀ nínú rẹ̀ mọ́. Èdè Owé, èdè àwa ará Kàbà, tí ìyá rẹ̀ fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, kí ó tó mọ ọ̀nà ilé ìwé míṣọ́n, òun ló kù sí i lẹ́nu.

Àwọn tó ń wá kí i a máa bá a sọ Gẹ̀ẹ́sì láti dán an wò. Yóò máa wò wọ́n. Wọ́n á mi orí, wọ́n á fà mí sẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n á ní, "Ó mà ṣe o. Irú ọpọlọ yẹn, ó ti lọ báyìí."

Ọpọlọ kò lọ síbì kankan. Gẹ̀ẹ́sì ló lọ.

Orí ibùsùn yẹn ló ti ń pàlọ́ fún mi, tí mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ràn. Ọkùnrin kan dúró lójú ọ̀nà, ó ní, "Gbogbo àwa tí a ń gbé ilé mi, àtèmi náà, òpùrọ́ ni wá. A kì í sọ òótọ́ rí." Kí ni ẹni tó gbọ́ ọ lè mọ̀ dájú nípa ilé náà? Mo rò ó títí, mo ní n kò mọ̀. Tíṣà ní, "Bó bá jẹ́ olóòótọ́ ni, kò ní í pe ara rẹ̀ ní òpùrọ́. Òpùrọ́ ni, nígbà náà. Bó bá sì jẹ́ òpùrọ́, irọ́ ni ohun tó sọ: kì í ṣe gbogbo wọn ló ń parọ́. Ẹnìkan wà nínú ilé yẹn tó ń sọ òótọ́." Ó wò mí pẹ̀lú ojú kan tó ń là dáadáa. "Ìwọ ni," ó ní.

Mo sọ èyí fún Ọlọ́runṣọlá. Mo ní, "Ṣé ọpọlọ tó rẹ̀ ló ṣe ìyẹn?"

"Ìyẹn dára, Màmá. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ti rò ó tẹ́lẹ̀ ni, kí wọ́n tó ṣubú. Ṣùgbọ́n ẹ wo eléyìí." Ó ṣí ìwé tí mo kọ, ó sì kà á sókè. "'Ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń ná ọjà òkè. Ọjọ́ mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án ni wọ́n ń ná ọjà ìsàlẹ̀. Òní ni wọ́n ń ná méjèèjì pọ̀. Ọjọ́ wo ni wọn yóò tún ná wọn pọ̀?' Màmá, ẹ wo ìdáhùn tí wọ́n fún un. 'Ọjọ́ kẹsàn-án òní.'"

"Ohun tó sọ nìyẹn."

"Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí a ń wá ni nọ́ńbà tí márùn-ún lè pín, tí mẹ́sàn-án náà lè pín, láìṣẹ́kù. Márùn-dín-láàádọ́ta ni. Ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Àwọn gan-an ló kọ́ mi." Ó ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń wẹ òkú. "Tí a bá tẹ̀ ẹ́ báyìí, àwọn ènìyàn yóò fi ṣe ẹlẹ́yà. Orúkọ wọn la fẹ́ dáàbò bò."

"Lọ́wọ́ ta ni?"

"Màmá?"

"Lọ́wọ́ ta ni ẹ ti ń dáàbò bo orúkọ ọkọ mi? Lọ́wọ́ ọkọ mi?"

Mo dìde. Ọmọ tó jẹ iyán ilé mi ni, n kò sì fẹ́ pariwo mọ́ ọn, nítorí náà mo rọra sọ ọ́. "Àlọ́ kankan kò ní í kúrò nínú ìwé yẹn. Bí ẹ bá yọ ọ̀kan, ẹ yọ gbogbo rẹ̀, kí ẹ yọ àwòrán rẹ̀ náà. Ẹ lọ fi àwòrán tirẹ sí i."

"Màmá, àárọ̀ Mọ́ńdè ni Friday atẹ̀wé wa máa bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́."

"Friday yóò dúró."

"Ó dáa." Ó nu ojú. "Tí ẹ bá lè fi hàn mí bó ṣe di ọjọ́ kẹsàn-án, èmi fúnra mi ni n óò fi í ṣe àkọ́kọ́ nínú ìwé náà. Tí kò bá ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ kí a fi í sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, mà."

N kò sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.

Nígbà tí ó lọ tán, mo bu ẹ̀wà sínú àwo pẹrẹsẹ, mo jókòó sí fàráńdà. Mo to ẹ̀wà ní ìlà méjì, ìlà kan fún ọjà òkè, ìlà kan fún ọjà ìsàlẹ̀, ẹyọ kan fún ọjọ́ kan. Nínú ìlà kìíní, bí mo bá ti ka ọjọ́ márùn-ún, mo gbé òkúta síbẹ̀. Nínú ìlà kejì, bí mo bá ti ka mẹ́sàn-án. Mo ń tò ó lọ, oòrùn ń wọ̀. Ibi tí òkúta méjì ti dojú kọ ara wọn, mo kà á. Márùn-dín-láàádọ́ta.

Mo tú u ká, mo tún un tò. Márùn-dín-láàádọ́ta.

Kì í ṣe ẹkún ló kọ́kọ́ wá. Ìbínú ni, Tíṣà gan-an ni mo sì bínú sí. Mo wọ yàrá lọ, mo dúró níwájú àwòrán rẹ̀, mo ní, "Ṣé o fẹ́ dójú tì mí ni?" Ó ń wò mí bó ṣe máa ń wo kíláàsì tí wọ́n bá pariwo.

Ṣùgbọ́n mo rántí ohun kan. Ọjọ́ tí ó pa àlọ́ yẹn, mo bi í léèrè pé, "Ṣé kí n kọ ọ́ báyẹn, ọjọ́ kẹsàn-án?" Ó rẹ́rìn-ín. Ìdajì ẹnu rẹ̀ nìkan ló lè rẹ́rìn-ín nígbà náà, ṣùgbọ́n ó fi ọwọ́ tó yá lu bẹ́ẹ̀dì bí ẹni tí inú rẹ̀ dùn dé gongo. Mo mọ ẹ̀rín náà. Ẹ̀rín ọkùnrin tó dẹ pàkúté, tó sì fara pamọ́ sínú igbó tó ń wo ẹran bọ̀. Ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ti rẹ̀ kì í rẹ́rìn-ín báyẹn. Bí ẹ̀wà bá ní ó ṣì í, ẹ̀wà ló ṣì í. Bí mo ṣe pinnu nìyẹn. N kò ní ẹ̀rí kankan lọ́wọ́.

Ní ọjọ́ kejì, Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìsìn, Bọ́ládé wá. Àbúrò ọkọ mi ni, ìyá kan náà, bàbá kan náà. Ọ̀kan gba ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀kan gba mọ́ṣáláṣí, wọn kò sì bá ara wọn jà lórí rẹ̀ rí, àfi lórí ẹni tó máa jẹ orí ẹran. Nítorí pé ó ti wà nínú ilé kí n tó wọlé wá, ọkọ mi ni èmi ń pe òun náà. Mo gbé iyán kalẹ̀ fún un.

"Ìyàwó," ó ní, "ẹ̀yin ẹ ṣe ìsìn yín ní Sátidé tó ń bọ̀. Ọjọ́ kẹjọ òní ni èmi fẹ́ ṣe sàráà tèmi."

"Ọjọ́ wo nìyẹn, ọkọ mi?"

"Sọ́ńdè mà ni. Ṣé òní kì í ṣe Sọ́ńdè ni?"

"Sọ́ńdè ni. Ṣùgbọ́n Sọ́ńdè sí Sọ́ńdè, ọjọ́ méje ni."

Ó gbé ọwọ́ kúrò nínú ọbẹ̀, ó wò mí. "Èwo ni méje? Ọjọ́ kẹjọ ni mo wí. Ọjọ́ kẹjọ tí ẹ̀gbọ́n mi kú, ṣé a kò ṣe àdúà fún un ni? Ọjọ́bọ̀ ló kú, Ọjọ́bọ̀ la ṣe é. Ta ló ń ka méje?"

"Ọ̀la ni kíní, ọ̀túnla ni kejì..."

"Òní ńkọ́?" Bọ́ládé fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo. "Ìyàwó, òní ńkọ́? Ṣé òní kì í ṣe ọjọ́ ni?"

Mo fi í sílẹ̀ níbi tó jókòó sí. Mo gbé àwo ẹ̀wà. Mo mú ẹyọ kan, mo gbé e kalẹ̀, mo ní, "Òní." Mo gbé òkúta sórí rẹ̀, nítorí òní ni ọjà. Ọ̀la, ọ̀túnla, ọjọ́ kẹrin, ọjọ́ karùn-ún: ọjà òkè. Bí a ṣe ń ka ọjọ́ ọjà nílẹ̀ wa láti ayébáyé nìyẹn. Ọjọ́ tí a wà nínú rẹ̀ wà nínú iye, ọjọ́ tí ọjà parí ló sì tún bẹ̀rẹ̀. Mo tún mú ọjọ́ karùn-ún náà ní òní, mo ka márùn-ún mìíràn láti orí rẹ̀. Mo bọ́ sí ọjọ́ kẹsàn-án. Nínú ìlà kejì, mo ka mẹ́sàn-án láti òní. Mo bọ́ sí ọjọ́ kẹsàn-án.

Òkúta méjèèjì dojú kọ ara wọn. Kò sí ọjọ́ tí wọn yóò ná ọjà ìsàlẹ̀ tí wọn kò ní í ná ọjà òkè. Ìyẹn ni gbogbo àlọ́ náà. Àlọ́ tó rọrùn bí omi ni, Tíṣà sì fi nọ́ńbà méjì bò ó lójú, ó dúró de àwa tí a kàwé.

Ẹ̀rín gbé mi. N kò tíì rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti sin ín.

"Ìyàwó, kí ló dé?" Bọ́ládé na ọrùn láti ibi tó wà. "Ṣé ẹ̀wà ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín?"

"Ẹ̀gbọ́n yín ni."

Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, mo dé ìsọ̀ Friday kí ó tó tan jẹnẹrétọ̀. Friday ni atẹ̀wé ẹgbẹ́ náà, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ọlọ́runṣọlá ti wà níbẹ̀, ó ń wo ìwé náà lójú kọ̀ǹpútà.

"Màmá Ọpẹ́! Okun o!" Friday nu àga fún mi. "Mo gbọ́ pé ẹ ní kí n dúró. Mo dúró o. Mo ti dúró láti àná, ẹsẹ̀ ń dùn mí."

"Okun, Friday. Ọlọ́runṣọlá, ibo lo wà níjẹta?"

Ó yà á lẹ́nu. "Ọ̀dọ̀ yín ni, Màmá. Ní Sátidé."

"Láti Sátidé sí òní, ọjọ́ mélòó ni?"

"Méjì, mà."

"Ibo wá ni ẹ̀ta wà nínú ìjẹta?"

Friday ti yí padà kúrò nídìí ẹ̀rọ rẹ̀. "Prófẹ́sọ̀, dá Màmá lóhùn! Ẹ̀ta dà?"

"Ìjẹta ni..." Ọlọ́runṣọlá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kà á. "Sátidé. Sọ́ńdè. Mọ́ńdè." Ó dúró. Mo rí i nígbà tó dé ojú rẹ̀. Ó fa bébà kan tó ti bàjẹ́ sọ́dọ̀, ó ń fa ìlà, ó ń kọ nọ́ńbà sábẹ́ ìlà, biro rẹ̀ ń yára. Ó dé orí ẹ̀kẹsàn-án, ó gbé biro kalẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lérí.

Síbẹ̀ ó ṣì gbìyànjú. "Màmá, ṣùgbọ́n nínú ìṣirò, tí a bá ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún..."

"Ìṣirò ta ni? Tíṣà kò sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ìwọ lo kọ́kọ́ sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì nínú ikùn rẹ kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ilé ìwé kan náà ló kọ́ wa. Òun nìkan ni Gẹ̀ẹ́sì ti fi sílẹ̀, òun nìkan ló sì kà á bó ṣe yẹ."

"Hàbà!" ni Friday wí, ó sì jókòó sórí páálí bébà.

Ọlọ́runṣọlá tún tẹjú mọ́ bébà náà. Nígbà tó máa sọ ọ́, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. "Wọn kò ṣì í," ó ní. "Mo jókòó ti bẹ́ẹ̀dì yẹn, mo ń bá wọn sọ Gẹ̀ẹ́sì."

"O jókòó tì í. Àwọn mìíràn kò wá rárá."

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú, ó fa kíbọ́ọ̀dù mọ́ra. "Òun ni n óò fi ṣe àkọ́kọ́, bí mo ṣe wí. N óò kọ àlàyé sísàlẹ̀, kí àwọn ènìyàn lè mọ bí a ṣe kà á."

"Rárá."

"Màmá, bí kò bá sí àlàyé, àwọn ènìyàn yóò ní Tíṣà ṣì í!"

"Bí ìwọ náà ti wí. Jẹ́ kí wọ́n wí i. Ṣé àlọ́ ni àbí oògùn, tí a óò máa kọ bí wọn yóò ṣe lò ó sí i lára?"

"Èèpo ńkọ́?" Ó ń wá bí yóò ṣe tù mí nínú. "Ṣé kí a kọ ọ́ pé, 'kí àìsàn tó dé àti lẹ́yìn rẹ̀'?"

"Àìsàn kò ṣe àlọ́ kankan. Má fi orúkọ rẹ̀ sára ìwé ẹni ẹlẹ́ni."

Friday wúkọ́. "Màmá Ọpẹ́... ṣé ẹ rí èèpo yẹn? Mo ti tẹ̀ ẹ́. Gbogbo rẹ̀. Ó wà nínú páálí tí mo jókòó lé."

"O ní o dúró láti àná."

"Inú ìwé ni mo ní kí ó dúró. Èèpo ti sáré lọ."

"Kó o fún àwọn tó ń ta ẹ̀pà níbùdókọ̀. Tẹ òmíràn."

Friday wo Ọlọ́runṣọlá. Ọlọ́runṣọlá ní, "O gbọ́ ohun tí Màmá wí." Friday dìde, ó ń kùn, ó lọ tan jẹnẹrétọ̀.

Ní ọjọ́ ìrántí náà, lẹ́yìn tí a jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, a jókòó sábẹ́ kánópì ní ọgbà ilé ìwé. Mo ti ní kí Ọlọ́runṣọlá ka àlọ́ náà fún gbogbo ènìyàn, kí ó sì kà á ní Owé, bí ó ṣe jáde lẹ́nu Tíṣà. Ọmọ Kàdúná kọsẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ bíi mẹ́ta. Àwọn ìyá àgbà fi í rẹ́rìn-ín, wọ́n sì tún ọ̀rọ̀ náà ṣe fún un láti ibi tí wọ́n jókòó sí. Ó kà á parí. Ó ka ìdáhùn. Ó jókòó.

Ọkùnrin kan láti Àmúrò, ẹnjiníà tó ti fẹ̀yìn tì, ló kọ́kọ́ dìde. "Márùn-dín-láàádọ́ta!" ó ní. "Ọjọ́ kẹsàn-án kọ́! Àṣìṣe ìtẹ̀wé ni."

Friday ti wà lórí ẹsẹ̀. "Ìtẹ̀wé ta ni? N kò ṣe àṣìṣe kankan o!"

"Ẹ̀kẹsàn-án ni," ni ìyá àgbà kan wí láti ẹ̀yìn, kò tilẹ̀ gbé ojú kúrò lára ọmọ tó ń bọ́. Ẹnìkan ní kí ìyá má dá sí ọ̀rọ̀ ìṣirò. Ìyá ní òun ná ọjà kí wọ́n tó bí bàbá rẹ̀. Ẹlòmíràn mú biro. Àwọn kan ń ka òkúta nílẹ̀. Àga ń yí padà lọ́tùn-ún lósì, àwo ìrẹsì ń tutù lórí tábìlì.

Ọlọ́runṣọlá wò mí láti iwájú. Àlàyé wà ní ètè rẹ̀. Mo mi orí. Ó pa ẹnu dé.

Nígbà tó yá, ẹnjiníà náà wá bá mi níbi tí mo jókòó sí, ìwé pẹlẹbẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti kọ nọ́ńbà sí gbogbo etí rẹ̀. Ó tẹrí ba láti kí mi. Kò mọ̀ mí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló mú un wá. "Màmá," ó ní, "ẹ dákun, ṣé ẹ mọ ẹni tó dáhùn àlọ́ yìí? Ẹ bá mi sọ fún un pé ó ṣì í."

"Lọ sọ fún un fúnra rẹ," mo ní. "Ibojì rẹ̀ wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, èyí tó ní òdòdó funfun. Ṣùgbọ́n tún un kà kí o tó lọ o, ọmọ mi. Kò fẹ́ràn ẹni tó bá wá bá a láìṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀."